Bàbá Mi, Ojú Yín Là: Bùlútúùtù Ló Fọ́ Ojú Mi sí Wẹ́wẹ́

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú ìbínú tí ẹ ti ń bá mi bí láti ọjọ́ Àlàrùba ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Màámi, mo kí yín lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kán oògùn sójú ẹni tí kò fẹ́ la ojú. Ẹ̀gbọ́n mi Ráṣídì, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin ni mo mọ̀ pé ẹ ó ka lẹ́tà yìí sí Bàbá létí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ibì kankan, ì báà jẹ́ ibi tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ, mo kí gbogbo ará agboolé wa ní Ìgbòho.

Bàbá, wọ́n ní ẹ kò fẹ́ gbọ́ ohùn mi lórí fóònù mọ́. Wọ́n ní ẹ sọ pé ayé ti bàjẹ́, pé wọ́n lè fi ẹ̀rọ ṣe ohùn òkú kó máa kí ènìyàn. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún mi, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ó wá dùn mí. Mi ò mọ bí alààyè ṣe ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo sì bẹ àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn Yorùbá kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́, kí ẹ lè rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀, gbogbo ayé ló ń gbọ́ ọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀. Apá kan rẹ̀ kò tíì yé èmi alára.

Ẹ mọ̀ pé ọdún kẹrin tí mo ti wà ní Ọ̀tà nìyí. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe garawa ike ni mo wà, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí ní apá Sàngó. Ọdún méjì àkọ́kọ́, ìdí ẹ̀rọ ni mo dúró sí, mò ń gba garawa gbígbóná bó ṣe ń jáde, mò ń fi ọ̀bẹ gé etí rẹ̀ kó lè dán. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé mo mọ̀wé díẹ̀, wọ́n gbé mi lọ sí sítóò, kí n máa tẹ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ọ̀hún kò le bíi ti àkọ́kọ́. Inú ilé onípáànù gbàràmù kan ni, tí ooru rẹ̀ ń hó bí ààrò lọ́sàn-án. Bí òjò bá sì dé, ẹnì kan kì í gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń wí. Òjò ọdún yìí kò ṣeé fẹnu sọ. Ọ̀nà àdúgbò Joju tí mò ń gbé ti di ẹrọ̀fọ̀, sálúbàtà ni mò ń wọ̀ dé títì, mo sì ń gbé bàtà iṣẹ́ sínú ọ̀rá. Owó oṣù ń wọlé, àlùbáríkà wà nínú rẹ̀, mi ò ráhùn. Àmọ́ bí mo bá dé, tí mo ṣílẹ̀kùn yàrá mi, kò sí ẹni tí yóò bi mí pé kí ló mú mi pẹ́. Nígbà mìíràn mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ kí n tó wọlé, bí ẹni pé mò ń retí ìbéèrè náà.

Èmi àti obìnrin kan la jọ wà ní sítóò. Ìyá Tóbi la ń pè é, ará Ìjù ni, onígbàgbọ́ tó ń gbààwẹ̀ ju èmi mùsùlùmí lọ. Òun ló ń bá ṣọ́ọ̀ṣì wọn tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ìsìn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa rántí rẹ̀ nínú àdúrà yín. Ohun tó ṣe fún mi, ọmọ ìyá ẹni ló máa ń ṣe é, bí kò tilẹ̀ já sí bí a ṣe fẹ́.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Nígbà tí dókítà ní Ṣakí sọ pé àwọn ó mú awọ funfun tó bo ẹyinjú yín kúrò, pé ojú ọ̀tún làwọn ó kọ́kọ́ ṣe, ẹ ní kí n wálé. Mo ní ọ̀gá wa kò gbà, ó ní ọkọ̀ ẹlẹ́rù ńláńlá ló ń bọ̀ wá kó ọjà lọ́sẹ̀ yẹn, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ ìwé rẹ̀. Ẹ wá ní kò burú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tú báńdéèjì, ojú mi ni ẹ fẹ́ kọ́kọ́ rí, kí wọ́n gbé mi sínú fóònù. Ẹ ní láti ọjọ́ tí mo ti lọ, ohùn lásán ni mo jẹ́ fún yín, pé bí mo bá tilẹ̀ wálé ọdún Iléyá, ọwọ́ lẹ fi ń wò mí lójú, pé ọwọ́ kò lè sọ bóyá ọmọ ń rẹ́rìn-ín dénú. Mo ṣèlérí fún yín. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà ní Àtàláátà, wọ́n ní àárọ̀ Àlàrùba, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, làwọn ó tú u.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í wọ sítóò wa, páànù náà kò gbà á láyè. Ìta là ń lọ bí a bá fẹ́ gbọ́ fóònù, ọ̀gá sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi ìdí kọ̀ǹpútà sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń kẹ́rù, kó kúkú máa lọ sílé rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ ní íńtánẹ́ẹ̀tì tó já fáfá, wáyà ló gbé e wá láti ọ́fíìsì ńlá, àmọ́ ògbólógbòó ni, kò ní kámẹ́rà, kò sì ní ibi tí ènìyàn lè sọ̀rọ̀ sí. Fóònù mi ní kámẹ́rà, kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Wáífáì rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ tí òjò ká mi mọ́ Ojú Òrè, tí omi wọ inú rẹ̀. Ẹ wo nǹkan méjì tó wà lórí tábìlì kan ṣoṣo, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tí èkejì ń wá.

Ìyá Tóbi rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní bùlútúùtù ń bẹ. Mo ní bùlútúùtù kẹ̀, ṣebí orin là ń fi ránṣẹ́ síra wa. Ó ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, pé kọ̀ǹpútà lè gba ibẹ̀ bu nínú íńtánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fún fóònù, bí ẹni na igbá omi sí aládùúgbò lórí ògiri. Ó mú nǹkan kékeré kan bí èékánná wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó tì í bọ ara kọ̀ǹpútà, ó ní òun ni yóò fún un ní bùlútúùtù. A lọ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó ní bàbá tòun náà ní irú ojú bẹ́ẹ̀ kó tó kú, kí a lò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí iṣẹ́ má ṣáà dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àtàláátà, kí a tó ṣíwọ́, a dán an wò. Fóònù wá kọ̀ǹpútà rí, àwọn méjèèjì gbé nọ́ńbà kan náà jáde, wọ́n bi mí bóyá ó bára mu, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé wọ́n ti so pọ̀. Inú mi dùn. Mo tẹ ibi tí a ti ń pe ara wa ní fídíò, ó ń yí, ó ń yí, kò lọ síbì kankan. Mo bi Ìyá Tóbi pé báwo ni nǹkan méjì ṣe lè so pọ̀ kí wọ́n má sì rí ara wọn lò. Ó ní ìsopọ̀ yàtọ̀ sí ìsopọ̀. Bí mo ṣe ń tẹ nǹkan mìíràn lọ, àfi gbàà, ohùn àáfà tó ń ké Kùránì nínú fóònù mi bú jáde láti inú kọ̀ǹpútà! Ìyá Tóbi fò sẹ́yìn. Ó ní ohùn nìkan ni wọ́n so pọ̀ fún, wọn kò tíì so íńtánẹ́ẹ̀tì.

Mo tún wá a lọ nínú fóònù, mo rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí a pín íńtánẹ́ẹ̀tì lórí bùlútúùtù. Mo ní òun rèé. Mo ṣí i, kò ṣiṣẹ́. Mo pa á, mo tún un ṣí. Ìyá Tóbi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní Mọ̀ríámọ̀, sàárà lò ń ṣe! Ó ní ibi tí mo ṣí yẹn, fóònù ló fi ń fún ẹlòmíràn, kì í ṣe ibi tó ti ń gbà. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò ní ń bu fún ẹni tó ní. Bàbá, orí mi dàrú. Lójú tèmi, ohun kan náà ló wà láàrin wọn, kí ló wá kan ti pé ta ló ń fún ta? Ó ní kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà láti fún un. Ó wọ inú kọ̀ǹpútà, ó fi àmì sí i pé ẹ̀rọ mìíràn lè lo íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó padà sórí fóònù, ó tẹ orúkọ kọ̀ǹpútà, ó ṣí ibi tí wọ́n kọ íńtánẹ́ẹ̀tì sí lábẹ́ rẹ̀. Lójijì ni gbogbo ìkíni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti àárọ̀ rọ́ wọlé. Mo dì mọ́ ọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Lọ́jọ́ Àlàrùba, mo wọ ìbòrí aláwọ̀ ewé tí Màámi rà fún mi, mo pa àtíkè. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi pè. Mo rí yín lórí bẹ́ẹ̀dì, mo rí nọ́ọ̀sì tó ń tú báńdéèjì díẹ̀díẹ̀, mo rí Màámi tí ètè wọn ń gbọ̀n fún àdúrà. Nígbà tó tú u tán, Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù síwájú yín. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Bàbá mi, èmi rèé.

Ẹ wò mí. Ẹ tẹ orí sọ́tùn-ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ sósì. Mo rí i pé ojú yín ń wá mi kiri, kò sì bá mi. Ẹ ní ta nìyí. Mo ní Mọ̀ríámọ̀ ni. Ẹ ní kí ló jẹ ẹ́ lójú. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ ń fi mí ṣeré. Àwòrán ara mi tó wà ní kọ̀rọ̀ fóònù tèmi mọ́ gaara, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀, nítorí náà mi ò mọ̀ rárá pé ohun tí ẹ̀yin ń rí yàtọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní bóyá iṣẹ́ abẹ náà kò yọrí. Mo tún rò pé bóyá ibi tí mo wà ló ṣókùnkùn, mo bá gbéra, mo gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ kí ìmọ́lẹ̀ lè bà mí lójú. Àṣìṣe mi nìyẹn. Bùlútúùtù kì í rìn jìnnà. Bí mo ṣe kúrò nídìí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ já. Ohun tí mo gbọ́ gbẹ̀yìn ni pé ẹ ní kí wọ́n dì í padà.

Mo sáré padà, mo tẹ̀ ẹ́, ó ní wọ́n ti so pọ̀, kò sì lọ. Kí n tó mọ ohun tí mo lè ṣe, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti fẹ̀yìn wọlé, ọ̀gá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó sídìí iṣẹ́. Mo tẹ garawa síbi ìdérí, mo tẹ ìdérí síbi garawa, Ìyá Tóbi ń bá mi tún un ṣe lábẹ́lẹ̀. Títí di òní, mo ṣì ń bi ara mi pé ṣé kí n ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ni, kí n sáré síta. Bí mo bá sáré síta, iṣẹ́ lè bọ́. Bí mi ò sì sáré, ẹ wo ohun tó dé. Mi ò mọ èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì.

Nígbà tí mo dé Joju ní ìrọ̀lẹ́, abẹ́ ìsọ̀ ẹnì kan ni mo dúró sí nínú òjò tí mo ti pe Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní dókítà yẹ̀ yín wò, pé ojú ọ̀hún là dáadáa. Ó na ìka mẹ́ta, ẹ ní mẹ́ta. Ó ní kí ẹ wo aago ara ògiri, ẹ pe aago náà bó ṣe rí. Ẹ tilẹ̀ fi ewúrẹ́ kan tó dúró lẹ́bàá ọgbà hàn án láti ojú fèrèsé, ẹ ní ẹsẹ̀ kan rẹ̀ funfun. Wọ́n ní ẹ wá yíjú sí wọn, ẹ ní bí ẹ bá lè rí ẹsẹ̀ ewúrẹ́, tí ẹ kò wá rí ọmọ yín, a jẹ́ pé kò sí ọmọ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló wá ṣàlàyé ohun tí ẹ rí fún mi. Wọ́n ní ojú mi dà bí ìgbà tí ènìyàn gé búrẹ́dì sí ègé ègé tó tún un tò, tí kò tò ó dáadáa. Wọ́n ní ẹnu mi dúró gbagidi nígbà tí ohùn mi ń lọ, nígbà tí ohùn bá sì dákẹ́ ni ẹnu ń bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, Bàbá, mi ò lè bá yín jà mọ́. Ẹni tó ti wà nínú òkùnkùn láti ọdún mẹ́rin, tó lajú, tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń pè é ní Bàbá mi, kí ló fẹ́ rò? Ẹ rò pé mo ti kú, pé wọ́n kó mi jọ láti fi tù yín nínú.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún Ìyá Tóbi. Ó fọwọ́ sórí. Ó ní òun ló yẹ kó mọ̀, pé bùlútúùtù tẹ́ẹ́rẹ́, pé ó tó fún ọ̀rọ̀ kíkọ, ó lè tó fún ohùn, àmọ́ ojú ènìyàn pọ̀ jù fún un, bí ẹni fẹ́ da gààrí gba ihò abẹ́rẹ́. Nígbà tí kò bá gbà, fóònù á gé ojú náà wẹ́wẹ́ kó lè rí i kó. Mo ní kí ló dé tí èmi fi rí Bàbá kedere nígbà tí Bàbá kò rí mi. Ó ní bóyá ohun tó ń bọ̀ máa ń yá ju ohun tó ń lọ, ó wá ní kí n má bínú, pé òun náà kò mọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ní Sàngó ló ń ṣe bí ẹni mọ̀.

Nítorí náà, Bàbá, ojú yín kọ́ ló jẹ̀bi. Ojú mi náà kọ́. Nǹkan tó wà láàrin wa ló kéré.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹnikẹ́ni ló lè kọ lẹ́tà. Ẹ gbọ́ o. Gbogbo ilé ló rò pé torí àwọn ọ̀dọ́ ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gẹ irun ni ẹ fi fi iṣẹ́ gbàjámọ̀ sílẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin nìkan la wà ní ìsọ̀, ní oṣù díẹ̀ kí n tó kúrò nílé, lọ́jọ́ tí abẹ ṣèèṣì kan etí oníbàárà yín. Ẹ fi owú tẹ̀ ẹ́, bàbá náà ní kò dun òun, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ nu abẹ, ẹ wé e sínú aṣọ, ẹ ní kí n lọ fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí, kí n má sọ fún Màámi. Mi ò sọ fún wọn rí. Màámi, ẹ má bínú, ẹ̀yin àti gbogbo ayé lẹ jọ ń gbọ́ ọ lónìí. Bàbá, ẹ̀rọ wo ló mọ ìyẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Màámi máa kán oògùn náà sí i bí dókítà ṣe wí. Ti ojú òsì tí ẹ ní ẹ kò ṣe mọ́, mi ò ní bẹ̀ yín nínú ìwé. Ìyá Tóbi ti ro gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá wa láìbi mí. Ọ̀gá pè mí, ó ní kí n lo ọjọ́ mẹ́rin nílé bí oṣù bá ti ń parí lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù yìí, bí mo bá ti kírun àárọ̀ tán, mo di èrò ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbé àga Bàbá sí ibi tí ọkọ̀ ti ń já èrò. Ẹ má sọ aṣọ tí mo wọ̀ fún wọn, ẹ má sì tọ́ka. Èmi náà kò ní pe ẹnikẹ́ni. Màá sọ̀kalẹ̀ láàrin àwọn èrò, màá dúró síbẹ̀, màá dákẹ́, títí Bàbá yóò fi dá mi mọ̀ fúnra wọn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà bá yín kalẹ́, Bàbá. Kí Ó má jẹ́ kí ó rẹ Màámi lórí wa. Kí Ó san án fún Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wa, kí àwọn ọmọ wọn tọ́jú wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú yín. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ bá mi kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí, ẹ bá mi kí nọ́ọ̀sì tó tú báńdéèjì. Ìyá Tóbi ní kí n kí yín, ó ní kí ẹ foríji òun.

Èmi ni, láàyè àti ní àlàáfíà,
ọmọ yín,
Mọ̀ríámọ̀,
Joju, Sàngó Ọ̀tà.